Ilé Ọba Tó Ṣí Lọ sí Òkè Ibojì

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kó wọlé kó tilẹ̀kùn, òtútù ń tẹ̀ lé e wọlé. Ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn, kó nà án síbi iná. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ fi ológbò yẹn sílẹ̀ kó sinmi. Ìtàn ìfẹ́ ni mo gbé wá lónìí, ìfẹ́ tó lọ́ pọ̀ bí òwú tí ológbò fi ṣeré, tó jẹ́ pé àwọn tó wà nínú rẹ̀ gan-an ò mọ ibi tí orí rẹ̀ wà. Èmi ò kàwé púpọ̀, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ibi tí mo bá ti gbàgbé, màá fi orin dí i.

*Ilé ń lọ, ilé ń lọ,*
*Ta ló rí ilé tó ń rìn?*
*Kò lẹ́sẹ̀, kò lápá,*
*Ẹṣin ló fà á gòkè.*

Ẹ kọ ọ́ dáadáa! Ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ gbọ́ mi.

Ní Linden tiwa níbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Hannover, ní ọdún díẹ̀ kí ogun ńlá tó dé, ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Dorette Wehmeyer. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé oúnjẹ bàbá rẹ̀ lọ sí ọgbà ẹ̀fọ́ ọba. Kó tó dé ẹnu géètì ló ti ń gbọ́ ariwo.

"Sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀, olè! Mo ní kí o sọ̀kalẹ̀!"

Ohùn bàbá rẹ̀ ni, Harm Wehmeyer, ológbà tó gbẹ̀yìn nínú ọgbà náà. Ó dúró sáàárín ebè kábéèjì, ó ń na ìka sókè sí ilé ìgbafẹ́ ọba. Lórí òrùlé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan jókòó, ó gbé agolo ọ̀dà funfun lé orúnkún, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì fa nǹkan sára òkúta.

"Bàbá, mi ò jalè. Ìjọba ìlú ló rán mi."

"Ìjọba tó rán olè níṣẹ́, olè lòun náà!"

Harm bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú kábéèjì kan tó ti jẹrà, ó sọ ọ́ sókè. Kò ba ọkùnrin náà. Agolo ló bà. Agolo ré bọ́, ọ̀dà funfun dà wálẹ̀ bí wàrà, ó sì bá Dorette níbi tó ti ń sáré bọ̀, láti àyà dé orúnkún.

Ọkùnrin náà já wálẹ̀ bí ológbò. "Arábìnrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ jù ú."

"Ọ̀dà tèmi ni."

"Kábéèjì tiwa ni."

Wọ́n wo ara wọn. Inú ń bí Dorette, ẹ̀rín ń pa á, kò mọ èyí tí ì bá kọ́kọ́ ṣe nínú méjèèjì, ló bá bú sẹ́kún. Ọkùnrin náà ò mọ ohun tí ì bá ṣe fún ẹni tó ń sunkún, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Bí ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Orúkọ rẹ̀ ni Ludolf Ebbing, ọmọ Obernkirchen, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ òkúta, oníṣẹ́ òkúta sì ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ilé náà fún yín, torí ilé yẹn ló dá gbogbo wàhálà sílẹ̀.

Kì í ṣe ilé gbígbé. Kò sí ibùsùn níbẹ̀, kò sí ààrò. Òkúta ni wọ́n fi kọ́ ọ, wọ́n gbẹ́ òdòdó àti èso sí i lára, òrùlé rẹ̀ sì tẹ́jú kí èèyàn lè dúró lé e wo gbogbo ọgbà. Nígbà tí wọ́n kọ́ ọ, ọba Hannover kò sí nílé. Òkè òkun ló ti ń jọba. Ṣùgbọ́n ọgbà rẹ̀ ń so. Wọ́n ń gbin ẹ̀wà, wọ́n ń gbin kábéèjì, wọ́n ń gbin ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí wọ́n fi gíláàsì bò, de ẹni tí kò bọ̀. Àwọn ìjòyè ló ń wá jókòó sínú ilé náà nígbà tí oòrùn bá mú, wọ́n á máa mu wáìnì, wọ́n á máa wo káróòtì. Ẹ má rẹ́rìn-ín! Ẹni tí kò ní í fa káróòtì tu fúnra rẹ̀ ló ń ráyè jókòó wò ó.

Àwọn Wehmeyer ló ní kọ́kọ́rọ́ ilé yẹn, àwọn ló ní ìgbálẹ̀ rẹ̀, láti ìgbà bàbá bàbá bàbá Harm. Ọba lọ, ọba mìíràn dé. Nígbà tó yá, àwọn ará Prussia ṣẹ́gun, kò tún sí ọba mọ́. Harm ṣáà ń gbá ilé náà. Rélùwéè dé, ó gba àárín ebè kọjá. Àwọn oníṣòwò èédú dé, wọ́n da èédú sórí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń gbin ẹ̀fọ́ ọba. Harm ṣáà ń gbá ilé náà; bó bá gbá èédú kúrò láàárọ̀, èédú á tún ti bò ó lọ́sàn-án.

Níkẹyìn, ìjọba ìlú ní èédú fẹ́ gba gbogbo ilẹ̀ tó kù. Ṣùgbọ́n ilé ẹlẹ́wà ni, wọn ò fẹ́ kó bàjẹ́. Wọ́n ní kí wọ́n tú u ní òkúta òkúta, kí wọ́n lọ tún un tò sórí Òkè Linden, láàárín ibojì.

Láàárín òkú! Ilé tí wọ́n kọ́ fún fàájì!

Ohun kan tún wà. Nínú ìdílé Wehmeyer, inú ilé yẹn ni wọ́n ti ń fa ọmọbìnrin fún ọkọ. Bàbá á mú ọwọ́ ọmọ rẹ̀, á fi lé ọwọ́ ọkọ, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á sì jẹ ohun tó bá ti yọ nínú ọgbà lọ́jọ́ náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fa Alheit, ìyá Dorette, lé Harm lọ́wọ́, torí ìyàwó tó bá wọ ìdílé náà ń gba ibẹ̀ wọlé bákan náà. Alheit kú nígbà tí Dorette ṣì kéré. Òkè Linden náà ni wọ́n sin ín sí, lábẹ́ àwọn òdòdó aláwọ̀ aró kéékèèké tó ń bo gbogbo òkè nígbà tí òtútù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀. Láti ọjọ́ ìsìnkú yẹn, Harm kò gun òkè náà mọ́.

Bí ilé ṣe ń kéré sí i ni ọ̀rọ̀ inú Dorette ń pọ̀ sí i. Bó bá dé láàárọ̀, òrùlé ti lọ. Bó bá tún dé, fèrèsé ti lọ. Ó kórìíra ọwọ́ tó ń tú ilé náà, ó sì ń wù ú kí ọwọ́ náà di tirẹ̀ mú. Ṣé ẹ rí i bí nǹkan ṣe lè le tó?

Ọjọ́ kan ló bi í pé, "Ludolf, kí lo ń kọ sára àwọn òkúta yìí?"

"Àmì ni. Kí òkúta kọ̀ọ̀kan lè mọ ẹnìkejì rẹ̀ tá a bá dé òkè."

"Tẹ́ ẹ bá tún un tò lókè, ṣé ilé yìí náà ló máa jẹ́?"

"Òkúta yìí náà ni."

"Ilé ni mo bi ọ́, o ń fi òkúta dá mi lóhùn."

Ludolf ṣí fìlà, ó họ orí. "Mi ò mọ̀, Dorette. Wọn ò kọ́ wa ní ìyẹn lẹ́nu iṣẹ́."

Àfi bí ẹni pé nǹkan já lọ́kàn Dorette. Àwọn ọkùnrin Linden, kò sí ohun tí wọn ò mọ̀. Béèrè ọ̀nà ọ̀run lọ́wọ́ wọn, wọ́n á júwe rẹ̀, wọ́n á ní kí o yà lọ́tùn-ún lẹ́yìn ilé ọtí. Ẹni tó ní òun ò mọ̀, òun ni Dorette bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn.

Ludolf náà ò fi ọ̀rọ̀ ìfẹ́ jáfara. "Òkúta igun ilé mi" ló ń pè é.

"Òkúta kẹ̀! Ọkùnrin mìíràn ń pe olólùfẹ́ rẹ̀ ní òdòdó."

"Òdòdó ń rọ. Tí mo bá yọ òkúta igun, gbogbo mi ló máa wó."

Dorette bojú, ó ń rẹ́rìn-ín sínú àtẹ́lẹwọ́. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń bu oúnjẹ bàbá rẹ̀ fún Ludolf.

"Dorette," ni Harm ń wí nígbà tó ṣí abọ́, "ṣé eku ti ń wọ inú oúnjẹ mi ni?"

"Eku ni, Bàbá."

"Eku wo ló ń fi ọ̀bẹ gé sọ́séèjì sí méjì?"

Dorette fi ọ̀bẹ pamọ́ sẹ́yìn. Harm wo ọmọ rẹ̀, ó wo ọ̀nà ibi tí oníṣẹ́ òkúta ti ń ṣiṣẹ́, ó pa abọ́ dé.

Nígbà tí wọ́n ti kó òkúta tó gbẹ̀yìn sínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin, Ludolf wọ aṣọ tó dáa, ó lọ bá Harm nílé ọtí lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi. Dorette tẹ̀ lé e, ó dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó dẹ etí sílẹ̀.

"Bàbá Wehmeyer, ẹ káàsán o. Mo wá tọrọ ọmọ yín."

Harm kò gbójú sókè. "Lábẹ́ òrùlé wo?"

"Ẹ ní kí ni, Bàbá?"

"Mo ní lábẹ́ òrùlé wo! Inú ilé ọba la ti ń fa ọmọ wa fún ọkọ. Ibo ni ilé náà wà? Ṣèbí ìwọ lo dì í sínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin. Lọ bá ẹṣin, kó fún ọ níyàwó."

Gbogbo ilé ọtí bú sẹ́rìn-ín. Etí Ludolf pọ́n, ṣùgbọ́n kò kúrò níbẹ̀.

"Ó ń lọ sókè ni, Bàbá. Tó bá ti dìde dúró, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá, ẹ fà á fún mi níbẹ̀."

Harm fi ọwọ́ gbá tábìlì, ife sì fò. "Òkè yẹn! Lọ́jọ́ tí ẹ bá rí mi lókè yẹn, ẹ mọ̀ pé wọ́n ń gbé mi lọ sin ni. Gbogbo yín, ẹ gbọ́ o!"

"A gbọ́ o, Harm!" ni gbogbo wọn dáhùn. Linden nìyẹn, a kì í pẹ́ fèsì.

Nígbà tí wọ́n délé, Dorette jókòó tì í. "Bàbá, kí ni òkè ṣe fún yín?"

Harm ń bó èèpo ànàmọ́. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ìyá rẹ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé lọ síbẹ̀. Wọ́n tún gbé ilé. Gbogbo ohun tí mo bá ti fẹ́ràn, òkè yẹn ni wọ́n ń gbé e lọ. Kí ló wá kù?"

"Èmi ni mo kù, Bàbá."

"Ohun tó ń dẹ́rù bà mí nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Dorette lára. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun ò ní í fẹ́ Ludolf mọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti ń ronú irú aṣọ tí òun máa wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Kò mọ èwo ni òun nínú àwọn méjèèjì. Tó bá ń fọ abọ́, á máa kọrin, tó bá gbọ́ orin ara rẹ̀, á dákẹ́.

*Ọ̀nà méjì pín níwájú mi,*
*Ọ̀kan lọ ilé, ọ̀kan lọ òkè.*
*Mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, òsì ń sunkún,*
*Mo gbé ẹsẹ̀ òsì, ọ̀tún ń bínú.*

Òtútù dé, òtútù lọ. Ilé dìde sórí òkè. Àwọn tó lọ wò ó ní ó rẹwà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn ní ó dà bí ẹni tó wọ aṣọ ijó wá síbi ìsìnkú. Harm ní tirẹ̀ ti gba ilẹ̀ kékeré kan létí odò Ihme, níbi tó ti ń gbin àlùbọ́sà eléwé, tó sì kọ ẹ̀yìn sí òkè láti àárọ̀ dalẹ́.

Ìgbà náà ni ọ̀gá Ludolf ránṣẹ́ pè é sí iṣẹ́ mìíràn, ní ìlú tó jìnnà.

"Tí mo bá lọ láìmú ọ dání," ni Ludolf wí, "mi ò mọ ìgbà tí mo lè padà. Ṣùgbọ́n mi ò ní í jí ọ gbé, òkúta igun mi. Ní gbangba ni mo fẹ́ mú ọ."

Dorette gbé ọ̀rọ̀ náà tọ Àǹtí Gesine lọ, àbúrò Harm, tó ń yan búrẹ́dì ní ìsàlẹ̀ òkè. Àǹtí Gesine nu ìyẹ̀fun kúrò lọ́wọ́. "Ẹ fọwọ́ sí ìwé ní ọ́fíìsì ìlú láàárọ̀. Pásítọ̀ á súre fún yín nínú ilé náà. Èmi á yan kéèkì bọ́tà. Ìwọ sọ fún bàbá rẹ. Tó bá wá, ó wá. Tí kò bá wá, orí kunkun rẹ̀ á jẹ́ ẹlẹ́rìí."

Dorette gbìyànjú. Ó lọ bá bàbá rẹ̀ létí odò.

"Bàbá, mo ní ọ̀rọ̀ kan."

"Ṣé ọ̀rọ̀ òkè ni?"

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n…"

"Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ òkè, etí mi ti di." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá àlùbọ́sà sọ̀rọ̀. "Ẹ̀yin ọmọ dáadáa, ẹ̀yin lẹ ò ní í fi mí sílẹ̀."

Dorette gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ mì. Nígbà tó jí ní àárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, Harm ti jáde lọ síbi àlùbọ́sà rẹ̀. Dorette gbé búrẹ́dì sílẹ̀ dè é, ó wọ aṣọ ìyàwó, ó sì jáde pẹ̀lú omijé lójú.

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí, àwa ará Linden nìkan la lè ṣe irú rẹ̀.

Ẹ mọ kéèkì bọ́tà wa. Kéèkì yẹn ò mọ ẹkún yàtọ̀ sí ẹ̀rín. Ìgbéyàwó ni? Òun ni. Ìsìnkú ni? Òun náà ni, àwo kan náà, ṣúgà kan náà. Aṣọ ńkọ́? Dúdú ni ìyàwó ń wọ̀ nígbà náà, kó lè máa wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì títí á fi darúgbó. Ìbòrí funfun nìkan ló ń fi í hàn pé ìyàwó ni. Afẹ́fẹ́ òkè sì le lọ́jọ́ náà, ni Àǹtí Gesine bá ká ìbòrí sínú agbọ̀n.

Ẹ wò ó báyìí: àwo kéèkì bọ́tà ń gòkè lọ sí itẹ́ òkú. Ọmọ Harm Wehmeyer wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú aṣọ dúdú, ó ń sunkún. Ilé ọba ni wọ́n sì forí lé. Ìyá Kückelhan, tó ń hun aṣọ àrán ní ilé iṣẹ́, tí ojú rẹ̀ kì í kúrò ní fèrèsé, rí gbogbo rẹ̀. Kí lẹ fẹ́ kó rò?

Nínú ilé náà lókè, Dorette ti dá omijé rẹ̀ dúró. Ludolf di ọwọ́ rẹ̀ mú. Pásítọ̀ ti ṣí ìwé. Àǹtí Gesine ń wá ìbòrí nínú agbọ̀n, ló bá gbójú sókè wo fèrèsé.

"Jésù! Ta ni gbogbo àwọn yìí?"

Èrò dúdú ń gun òkè bọ̀ láàárín àwọn òdòdó aró. Wọ́n gbé òdòdó ìsìnkú, wọ́n ń kọ orin ìsìnkú, tẹ̀sọ̀tẹ̀sọ̀. Ìyá Kückelhan ló ṣíwájú, ó gbé òdòdó kan tó fẹ̀ jù ú lọ. Ó wọlé, ó gbá Dorette mọ́ àyà.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ọlọ́run á tù ọ́ nínú."

Dorette rò pé nítorí pé bàbá òun ò wá ni. "Ẹ ṣé, Mà. Ó dùn mí pé kò sí níbí."

"Ó ti sinmi, ọmọ mi. Kò sí ìrora mọ́."

"Ta ló sinmi?"

"Bàbá rẹ."

Dorette di apá Ludolf mú. Bàbá òun? Òun ò tiẹ̀ rí i láàárọ̀ yìí. Àbí òun fi í sílẹ̀ nínú yàrá, òun sì rò pé ó ti jáde? Àbí ó ṣubú létí odò?

"Nígbà wo, Mà? Nígbà wo ló kú?"

"Ìwọ ló yẹ kó sọ fún wa!"

"Ta ló sọ fún yín?"

"Kéèkì ni! Ó gba iwájú fèrèsé mi kọjá. Mo ní, ta ló kú? Mo wá rántí pé Harm fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ nílé ọtí, pé lọ́jọ́ tí òun bá gun òkè, ìsìnkú òun ni."

"Òkú rẹ̀ ńkọ́?" ni Ludolf béèrè.

Gbogbo wọn wo ara wọn. "A rò pé ọ̀dọ̀ yín ló wà."

"Ṣé ẹnikẹ́ni rí i lónìí?" ni Dorette kígbe. Kò sẹ́ni tó rí i. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, àwọn yòókù gbà á lẹ́nu rẹ̀. Pásítọ̀ ṣí ojú ìwé ìgbéyàwó, ó ṣí ti ìsìnkú, ó tún padà sí ti ìgbéyàwó, kò mọ èyí tí ì bá kà. Àǹtí Gesine, bó ti ń sunkún, bẹ́ẹ̀ ló ń gé kéèkì, torí pé ọwọ́ rẹ̀ ò mọ ohun mìíràn tó lè ṣe.

Dorette ò sunkún. Ó dúró, ojú rẹ̀ gbẹ. Ó ń rò ó pé òun ló pa á. Ohun kan tó kù fún bàbá òun, ìyẹn òun fúnra òun, òun náà ti gbé e gun òkè.

Ilẹ̀kùn ṣí gbàà.

Harm Wehmeyer dúró sẹ́nu ọ̀nà, bàtà onígi rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀, ìdì àlùbọ́sà eléwé wà lọ́wọ́ rẹ̀, èémí rẹ̀ ń já. Ìyá Kückelhan ké, ó ju òdòdó nù.

"Dorette! Ibo ni Dorette mi wà?"

"Bàbá!"

Ó já èrò kọjá, ó di ojú ọmọ rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ ẹlẹ́rẹ̀ méjèèjì. "O ń mí. Ẹ wò ó, ó ń mí."

"Ẹ̀yin náà ń mí, Bàbá!"

"Èmi? Kí ló ṣe mí?"

"Wọ́n ní ẹ ti kú."

"Ìwọ ni wọ́n ní o kú!"

Ọkọ Ìyá Kückelhan dé, ó ń ti ọmọlanke Harm, ó ń mí hẹlẹ. Òun ló tú ọ̀rọ̀ náà. Àwọn tó kẹ́yìn nínú èrò, tí wọn ò gbọ́ pé Dorette ló ń tẹ̀ lé kéèkì, ló pàdé Harm lójú ọ̀nà. Ẹ̀rù bà wọ́n. Wọ́n ní, "Harm, ìwọ kọ́ lo kú?" Ó ní òun kọ́. Wọ́n ní, "Tí kì í bá ṣe ìwọ, tó sì jẹ́ ti ilé Wehmeyer ni kéèkì náà, ẹ̀yin méjì péré lẹ sì wà nílé yẹn…" Wọn ò tíì parí ọ̀rọ̀ tí Harm fi ọmọlanke sílẹ̀ tó sì ń sáré gòkè bí ọmọ ogún ọdún.

Harm wo àyíká. Ìgbà náà ló tó mọ ibi tí òun wà.

Ó na ọwọ́, ó fọwọ́ kan ògiri. Ó fi ìka tẹ̀ lé òdòdó tí wọ́n gbẹ́ sí i.

"Ẹ kọ ojú rẹ̀ síbi tí kò yẹ," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá," ni Ludolf dáhùn. "Òkè ò gbà á bíi ti tẹ́lẹ̀."

"Oòrùn ń gba ẹ̀yìn wọlé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ilẹ̀kùn yẹn ń dún. Tèmi kì í dún."

"Ẹ̀yin lẹ fi ẹsẹ̀ ta á, Bàbá."

Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n gbá a lẹ́nu. Harm rìn lọ sí ojú fèrèsé. Níbi tó ti máa ń rí ebè tẹ́lẹ̀, ibojì ló rí, òdòdó aró sì bo gbogbo rẹ̀ bí ẹni pé omi dúró síbẹ̀.

"Ibo ni Alheit wà?"

Dorette dúró tì í, ó na ìka. "Níbẹ̀ yẹn, Bàbá, lábẹ́ igi tó tẹ̀ yẹn."

Harm wò ó títí. Dorette ò mọ̀ bóyá kí òun dì í mú ni tàbí kí òun fi í sílẹ̀. Ó ṣáà gbé ọwọ́ sókè, kò gbé e lé ibì kankan.

"Mi ò mọ̀ bóyá ilé náà nìyí," ni Harm wí níkẹyìn. "Tí mo bá wo òkúta, òun ni. Tí mo bá wo fèrèsé, òun kọ́. Orí mi dà rú, mi ò sì rò pé yóò tò mọ́." Ó yíjú, ó mú ọwọ́ Dorette tó wà lókè yẹn. "Ṣùgbọ́n ọmọ mi nìyí. Èyí dá mi lójú. Níbo ni olè yẹn wà?"

"Èmi nìyí, Bàbá."

"Mú un. Tí o bá gbé e lọ síbi tó jìnnà, kí o gbé e padà wá kí n rí i. Ṣé o gbọ́? Má kọ àmì sí i lára."

"Mo gbọ́, Bàbá."

Ó fi ọwọ́ Dorette lé ọwọ́ Ludolf, ó sì ya àlùbọ́sà eléwé sí mẹ́ta, torí òun ló yọ nínú ọgbà lọ́jọ́ náà. Wọ́n jẹ ẹ́ ní tútù. Omi ń dà lójú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sì sẹ́ni tó lè sọ bóyá ẹkún ni tàbí àlùbọ́sà. Àǹtí Gesine rí ìbòrí, ó dé e sí orí ìyàwó. Pásítọ̀ rí ojú ìwé tó tọ́, ó sì kà á kíákíá kí ohun mìíràn tó ṣẹlẹ̀.

"Òdòdó ìsìnkú yìí wá ńkọ́?" ni Ìyá Kückelhan béèrè, ojú ń tì í.

Harm wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. "Èyí dáa. Èyí náà dáa. Èyí kéré. Ta ló mú èyí wá? Ṣé bí mo ṣe tó lójú yín nìyí?"

"Harm, ojijì ni ikú rẹ bá wa!"

Ẹ̀rín wá sọ. Ìgbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Harm ní, "Ẹ gbé wọn, ẹ tẹ̀ lé mi." Òun ló ṣíwájú. Wọ́n to gbogbo òdòdó náà sórí ibojì Alheit, ńlá àti kékeré, títí a ò fi rí òkúta rẹ̀ mọ́. Dorette gbọ́ tí bàbá rẹ̀ ń sọ nǹkan jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ sí ilẹ̀. Kò sún mọ́ ọn láti gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n jẹun. Kéèkì ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti yí padà, dídùn rẹ̀ ṣì ni. Ẹnì kan sáré sọ̀kalẹ̀ lọ gbé sọ́séèjì wá, ẹlòmíràn gbé bíà àti ọtí líle. Wọ́n fún Ludolf ní ife kékeré méjì sí ọwọ́ kan, bí a ṣe ń mu ún níbí, kí ti òkè máa ṣàn sínú ti ìsàlẹ̀, kí ti ìsàlẹ̀ máa ṣàn sẹ́nu. Gbogbo rẹ̀ ló dà sí i lọ́rùn.

"Ẹ wo àna mi!" ni Harm kígbe. "Ó gbé odindi ilé gòkè, kò lè gbé ife méjì dé ẹnu!"

Dorette fi etí ìbòrí rẹ̀ nu ọrùn ọkọ rẹ̀. "Fi wọ́n sílẹ̀, olólùfẹ́ mi. Ó máa mọ́ ọ lára."

Wọ́n kọrin, wọ́n jó láàárín òdòdó aró, wọ́n ń yẹra fún ibojì, wọ́n ní kí àwọn onílé má bínú.

*Ta ló kú? Kò sẹ́ni tó kú.*
*Ta ló gbé? Ludolf gbé Dorette.*
*Kí lẹ jẹ? A jẹ kéèkì bọ́tà.*
*Ṣé ẹ yó? A yó kanlẹ̀!*

Nígbà tí oòrùn ń lọ wọ̀, wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan àti ní méjì méjì. Ìyá Kückelhan di kéèkì tó kù sínú gèlè, ọkọ rẹ̀ ń ti Harm bọ̀ nínú ọmọlanke tòun ti àlùbọ́sà rẹ̀, Harm ń fọwọ́ júwe ọ̀nà bí ìjòyè. Kò sí ẹni tí ebi pa wọlé lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ̀yin náà, ẹ gbọn èérún kúrò láṣọ, ẹ fún mi ní ife mi, kí olúkúlùkù máa lọ sílé pẹ̀lú ikùn kíkún àti inú dídùn.